Bí a ṣe lè dín owó ilé kù ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) láìfi ebi pa ọmọ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi èédú. Ká ní ẹ ń ra èédú 200 fráǹkì láràárọ̀ lọ́wọ́ ìyá alátẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà yín, èyí tí wọ́n ti dì sínú ọ̀rá dúdú yẹn, 200 kì í ṣe owó tí ẹnikẹ́ni ń rò lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ kí oṣù tó pé ẹ ti kó 6,000 fún un. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba ní kí wọ́n máa san fún òṣìṣẹ́ ní Benin, 52,000 ni láti oṣù kìíní 2023, 40,000 ni tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń gba 52,000 tó sì ń ra èédú lọ́nà yẹn, ó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ẹ̀ lọ tó ń jó nínú àdògán, kò tíì ra àgbàdo tó fẹ́ sè o. Ẹ wá lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta odindi àpò ní ọjà Wàndó, kí ẹ wò ó pé ọjọ́ mélòó ni àpò yẹn máa bá yín lò, ẹ máa rí ibi tí owó ń gbà lọ.

Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀pọ̀ wa kì í ṣe onínàákúnàá rárá. Bí a ṣe ń ra nǹkan ló ń pa wá. Òróró inú ọ̀rá, ṣúgà 50 fráǹkì, tòmátì alágolo tó kéré jù, ọṣẹ ìfọṣọ tí wọ́n dì ní sáṣẹ́ẹ̀tì, ìrẹsì tóńgólò (abọ́ tí wọ́n fi ń wọn nǹkan) kan lónìí, tóńgólò kan lọ́la. Olówó ra àpò, wọ́n dín in fún un. Àwa ra ìwọ̀n kan, a san èrè alápò, a san èrè alátẹ, a tún san owó ọ̀rá. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ ló ń ra nǹkan ní ọ̀wọ́n jù, ẹ̀tàn gidi ni.

Nítorí náà ẹ má tíì dín oúnjẹ kù o. Ẹ kọ́kọ́ yí bí ẹ ṣe ń rà á padà.

Àwọn kan á ní kí ẹ ra kàyé kí ẹ máa kọ gbogbo nǹkan tí ẹ bá ná sínú ẹ̀. Ó dáa, àmọ́ ta ló ń ṣe é kọjá ọ̀sẹ̀ kan? Ẹni tó ń tajà látàárọ̀ dalẹ́ tó tún ń tọ́jú ọmọ kò ráyè irú ìyẹn. Èyí tó rọrùn ni kí ẹ wo nǹkan tí ẹ ń rà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré, kí ẹ kọ tìyẹn nìkan. Ẹ máa rí i pé kò ju bíi nǹkan méje mẹ́jọ lọ: èédú, òróró, búrẹ́dì, tòmátì, Maggi, píọ́ wọ́tà, zẹ́mì (ọ̀kadà), kírẹ́díì fóònù. Àwọn ni kí ẹ gbá mú. Èyí tí ẹ ń rà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ fi sílẹ̀ ná.

Ẹ máa ní “ta ló lówó tí á fi ra odindi àpò?” Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ẹni kan kọ́ ló gbọ́dọ̀ rà á. Ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló máa dáwó jọ, àwọn tó ń gbé àgbàlá kan náà ló dáa jù torí kò ní sí owó ọkọ̀ láti pín in. Àmọ́ ohun tó máa ń da irú nǹkan báyìí rú, ìjà ni, ìjà ọ̀hún kì í sì í ju orí ìwọ̀n lọ, torí náà ẹ fi àwọn òfin kan lélẹ̀ kí ẹ tó dá kọ́bọ̀. Gbogbo yín á san owó pé kí ẹnì kan tó lọ sọ́jà, kò sí “màá fún ẹ lọ́la”, ẹni tí kò bá tíì rówó kó dúró de ìgbà tó ń bọ̀, kò sì sí ẹni tó máa bínú sí i. Tóńgólò kan náà ni kí ẹ fi wọn gbogbo ẹ̀, ẹ má fi ti ilé ìyá àgbà wọn apá kan kí ẹ tún fi ti ilé kejì wọn èyí tó kù, torí ìsàlẹ̀ ọ̀kan lè ti wọ inú. Ọjọ́ tí àpò bá dé ni kí ẹ pín in, lójú gbogbo èèyàn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nídìí àpò tí kò tó pín, ti ẹni tó lọ sọ́jà ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a du ìyẹn, òun ló ru ẹrù.

Ìrẹsì, gàrí, àgbàdo, ẹ̀wà, èédú, òróró onígálọ́ọ̀nù, gbogbo ẹ̀ ló ṣeé pín báyìí. Ẹja tútù náà ṣeé pín, ẹ ra odindi páálí níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja yìnyín, àmọ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni kí oníkálùkù dín tirẹ̀ tàbí kó yan án, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fìríjò ẹnikẹ́ni, kúràn lè lọ nígbàkúùgbà. Tòmátì tútù ni mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ rà lápẹ̀rẹ̀ àfi bí ẹ bá fẹ́ sè é kó gbẹ lọ́jọ́ náà, èyí tó bá jẹrà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ á jẹ èrè yín tán.

Ọ̀rọ̀ ìgbà náà wà ńbẹ̀, òun gan-an ló sì ń mówó wọlé jù. Lápá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, àgbàdo àkọ́kọ́ máa ń jáde ní oṣù keje sí oṣù kẹjọ, ìgbà yẹn ló máa ń pọ̀ lójà. Bó bá fi máa di oṣù karùn-ún, oṣù kẹfà ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn tó tọ́jú ẹ̀ ló kù tó ń tà á, iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n sì ń dá lé e. Ẹni tó bá lè ra àpò àgbàdo kan lóṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án tó sì tọ́jú ẹ̀ dáadáa, kò ní bá wọn sunkún lóṣù kẹfà. Àwọn ará Kétu ti mọ èyí tipẹ́, torí oko wọn wà lẹ́yìnkùlé. Àwa ará ìgboro ló máa ń dúró dìgbà tó bá wọ́n.

Títọ́jú ẹ̀ ló le díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sá àgbàdo náà kó gbẹ kánrinkánrin, ẹ fi eyín gé e wò, bó bá dún pá ó ti gbẹ, bí eyín bá wọnú ẹ̀ wẹ́rẹ́ ẹ tún dà á síta. Àpò kan wà tí wọ́n ń pè ní PICS, ọ̀rá méjì ló wà nínú, àpò gidi ló wà níta. Ẹ da àgbàdo tàbí ẹ̀wà sí i, ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde, ẹ so ọ̀rá àkọ́kọ́ pinpin, ẹ so ìkejì, ẹ wá so àpò. Kòkòrò tó bá wà nínú ẹ̀ á mí títí afẹ́fẹ́ á fi tán, á wá kú síbẹ̀, kò sí oògùn kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ má ṣí i ní gbogbo ìgbà o, ẹ kúkú bu èyí tí ẹ máa jẹ lóṣù méjì sọ́tọ̀ kí ẹ tó dì í. Bí ẹ kò bá rí àpò yẹn, ẹ̀wà díẹ̀ ṣeé pò mọ́ eérú tí wọ́n ti sẹ́, kí ẹ kó o sínú kèègì tó ní ìdérí tó le. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oògùn òwú (èyí tí wọ́n fi ń pa kòkòrò lóko òwú) sí nǹkan tí ẹ máa jẹ, kódà bí ọ̀rẹ́ yín bá ní òun máa ń ṣe é tí nǹkan kan kò ṣe òun. Oògùn yẹn ń pààyàn.

Alùbọ́sà tó ń wá láti Malanville, ẹ rà á lápò kékeré nígbà tí wọ́n bá ń wú u lọ́wọ́ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ tẹ́ ẹ síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, ẹ má dì í sínú ọ̀rá. Epo pupa náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí wọnú oṣù karùn-ún ni ẹyìn máa ń pọ̀ jù, ìgbà yẹn ni kí ẹ kún kèègì yín. Iṣu ńkọ́? Ẹ má bá wọn sáré iṣu tuntun ti oṣù kẹjọ, ti àjọ̀dún nìyẹn, ó wọ́n. Ẹ ra ẹyọ kan kí ẹnu ọmọ lè kan án, kí ẹ wá dúró di oṣù kejìlá nígbà tí àwọn ará Sabẹ àti Tchaourou bá ń kó o wá ní ọkọ̀ ọkọ̀.

Ọjà tí ẹ bá ná náà ṣe kókó. Ọjà Àjàrá, ọrọọrún ni wọ́n ń ná an, ẹ mọ ọjọ́ ẹ̀ sórí. Ẹni tó gbé nǹkan wá láti oko kò fẹ́ rù ú padà, nítorí náà láti ìrọ̀lẹ́ lọ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín in fúnra ẹ̀. Àárọ̀ kùtù dáa fún ẹni tó fẹ́ ṣà, ìrọ̀lẹ́ dáa fún ẹni tó fẹ́ dínwó, ẹ mú ọ̀kan. Bí ẹ bá sì ń lọ, ẹ ṣírò owó zẹ́mì mọ́ ọn, torí ẹni tó ná 600 lọ bọ̀ láti lọ fi 400 jèrè, ìrìn àjò ló ṣe. Ohun kan náà ni mò ń sọ fún àwọn tó ń sáré lọ sí Ìgòlò lẹ́nu ààlà Nàìjíríà nígbàkúùgbà tí wọ́n bá gbọ́ pé náírà já. Bí ẹ bá ní nǹkan púpọ̀ láti rà, ó tọ́, bó bá jẹ́ ọṣẹ méjì àti abọ́ oníke, ẹ jókòó sílé yín.

Lórí oúnjẹ fúnra ẹ̀ mi ò ní sọ púpọ̀, oníkálùkù ló mọ ohun tí inú ilé ẹ̀ ń jẹ. Àbọ̀bọ̀ pẹ̀lú gàrí àti epo díndín ń gbé èèyàn ró ju ìrẹsì funfun tí wọ́n fi ẹja kékeré kan dọ́gbọ́n sí lọ. Wàrà sójà, bí wọ́n bá dín in tó gbẹ, àwọn ọmọ kì í bèèrè ẹran mọ́. Ẹ gbin gbọ̀mà, tẹ̀tẹ̀ àti ata sínú abọ́ tó ti fọ́ lẹ́yìnkùlé, ewé tí wọ́n ń rà ní 100, 200 lójoojúmọ́ ni.

Ká padà sídìí iná. Ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú kí ẹ tó sè é, ẹ da omi yẹn nù, ẹ̀wà á tètè rọ̀, èédú á sì dín kù. Ẹ máa dé ìkòkò, mi ò mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ wa fi máa ń ṣí ìkòkò sílẹ̀ tí gbogbo ooru á máa bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí ẹ bá sè é tán tí èédú ṣì pọ́n, ẹ kó o sínú ìkòkò irin tó ní ìdérí kó kú, ọ̀la á tún gbiná. Àdògán tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́ inú ẹ̀ sàn ju oní irin lásán lọ, owó tí ẹ bá fi rà á á padà wá láàárín oṣù díẹ̀. Ẹni tó bá ní gáàsì oníkílò mẹ́fà, kó fi í gbé omi ẹ̀kọ àwọn ọmọ kaná láàárọ̀, kó fi í dín ẹyin, kó má fi se ẹ̀wà.

Kúràn. Ampúlù àtijọ́ tó ní 60 watt, bó bá tàn fún wákàtí márùn-ún lálẹ́, lóṣù kan ó ti jẹ kilowatt-wákàtí mẹ́sàn-án. LED oní 9 watt tó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò jẹ ju 1.35 lọ. Ẹ fi iye ampúlù tó wà nílé yín sọ ọ́ di púpọ̀. Áyọ́ọ̀nù ló tún ń jẹ kúràn gan-an, ẹ lọ aṣọ gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ má máa tan án láràárọ̀ fún ṣẹ́ẹ̀tì kan. Fìríjò àtijọ́ tí rọ́bà ẹnu ẹ̀ ti já, ẹ pààrọ̀ rọ́bà yẹn, ẹ fi bébà sẹ́nu ẹ̀ kí ẹ tì í, bí bébà bá fà yọ wẹ́rẹ́, kúràn yín ń jáde níbẹ̀. Ṣájà fóònù tí àwọn èèyàn máa ń pariwo lé lórí, kò tó nǹkan, ẹ má torí ẹ̀ bá ọmọ jà.

Àmọ́ ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù nínú ilé àgbàlá, fàkítúù tí wọ́n jọ ń san ni. Bó bá jẹ́ pé ẹ jọ ń lo kọ̀ńtẹ̀ (mítà) kan, tí onílé sì ń pín owó ní dọ́gbadọ́gba, ẹni tó ń lo ampúlù méjì ń bá ẹni tó ń lo fìríjò san owó nìyẹn. Ẹ bẹ̀ ẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kó jẹ́ kí ẹ fi décompteur (mítà kékeré) tiyín sí i, ẹ ní “bàbá, ẹ jọ̀ọ́, owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, a kàn fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí i ni”. Kí ẹ sì máa wo nọ́ńbà ẹ̀ fúnra yín ní ìparí oṣù, kí ẹ máa ya fọ́tò ẹ̀.

Omi. Omi kànga dáa fún ìfọṣọ, ilẹ̀ fífọ̀ àti ṣáláńgá, kí omi ẹ̀rọ wà fún mímu àti sísè. Ẹ má mu ti kànga o, ní ìgboro Àjàṣẹ́ kànga àti ṣáláńgá sábà máa ń sún mọ́ra jù, owó dókítà á sì gba gbogbo ohun tí ẹ ti tọ́jú. Píọ́ wọ́tà ni kí ẹ fọwọ́ mú. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 25 fráǹkì, tí èèyàn márùn-ún nínú ilé ń mu mẹ́rin mẹ́rin lójúmọ́, 15,000 lóṣù ni ẹ fi ń mumi! Ẹ pọn omi ẹ̀rọ sínú ìkòkò amọ̀, ẹ dé e, á tutù, kí ẹ sì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìgò tirẹ̀ lọ sí lékọ̀lù.

Zẹ́mì wọ́n sí i nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023 tí kpáyò, bẹntiróòlù tí wọ́n ń gbé wá láti ọ̀hún, gbówó lórí, àtìgbà yẹn owó tí ọ̀pọ̀ wa ń san fún un lọ́jọ́ kan kì í kéré. 300 lọ, 300 bọ̀, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, 3,600 ni. Ibi tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú ogún lọ, ẹ fẹsẹ̀ rìn ín ní àárọ̀ kí oòrùn tó mú, kí ẹ gun zẹ́mì bọ̀ nìkan. Bó bá jẹ́ ti àwọn ọmọ, ẹ bá zẹ́mì kan tí ẹ mọ̀ sọ̀rọ̀ kó máa gbé méjì mẹ́ta ní àdúgbò pọ̀ fún iye kan lóṣù. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa tọ́jú kpáyò sínú yàrá nítorí pé ó fẹ́ wọ́n lọ́la, iná tó ti ìdí ẹ̀ wá ti pọ̀ jù.

Wàyí o, ibi tó dùn wá jù: ìnáwó. Gbogbo ohun tí ẹ bá fi èédú àti píọ́ wọ́tà tọ́jú láti January, òkú kan lè kó o lọ́jọ́ kan. Aṣọ ẹbí, owó ẹgbẹ́, ọtí, owó mọ́tò dé ìlú wọn. A ò lè ní a ò ní lọ, èèyàn ni aṣọ wa. Ṣùgbọ́n ẹ yan iye kan fún gbogbo ìnáwó ọdún, ẹ fi í síbi tó dá wà, bó bá ti tán, aṣọ ti tán, ara yín ló kù tí ẹ máa gbé lọ. Ẹ pín wọn sọ́nà mẹ́ta: ti ìyekan yín gan-an, ẹ ra aṣọ. Ti aládùúgbò àti ẹlẹ́gbẹ́, ẹ mú owó díẹ̀ sínú ánfílọ́ọ̀pù, kí ẹ wọ èyí tí ẹ ní nílé. Ti ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́, ẹ pè é lórí fóònù.

Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ ló kù. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ti gé aṣọ yín sílẹ̀ tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ìpè. Ẹ lọ fúnra yín, ẹ lọ ní kùtù, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ, kí ẹ ní “ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ ti aṣọ, ọwọ́ mi kò tó o lọ́tẹ̀ yìí, àmọ́ èmi ni màá wá dáná láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ má wá ẹlòmíì”. Ẹni tó bá ní òun á ṣiṣẹ́, tó sì wá lóòótọ́, ó ṣòro kí wọ́n tó bínú sí i. Àwọn mìíràn á ṣì kùn o, ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn, wọn kì í bá wa san owó lékọ̀lù.

Lékọ̀lù náà kò gbọ́dọ̀ bá yín lójijì, ọdọọdún ló ń wọlé nínú oṣù kẹsàn-án. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba ti di ọ̀fẹ́ láti 2006, síbẹ̀ kàyé, báàgì àti kakí ń bẹ níbẹ̀. Ẹ ra kàyé ní dọ́sìnnì kí ọjà tó kún, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ tó ti kọjá kíláàsì yẹn, kí ẹ dá kakí sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ lè tú u gùn lọ́dún tó ń bọ̀.

Níbo ni ẹ máa wá kó owó tó ṣẹ́ kù sí? Inú ilé kò dáa, wọ́n á yá a. Alájọ tó ń káàkiri, bó bá ń gba 500 yín lójoojúmọ́, ní ìparí á dá a padà fún yín, á mú ti ọjọ́ kan, owó iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn, ó tọ́ bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ ẹni tí ẹ mọ ilé ẹ̀. CLCAM, ilé ìfowópamọ́ alájọṣe, náà wà fún ẹni tí kò fẹ́ kí ọwọ́ kàn án kíákíá. Tóntìnì tí ẹ̀yin mẹ́wàá dá láàárín ara yín, kò sí owó iṣẹ́ kankan níbẹ̀, ìgbẹ́kẹ̀lé ló gbà, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó jẹ gbèsè àjọ kan wọlé. Nígbà tí wọ́n bá sì ń pín nọ́ńbà ta ló máa kó lóṣù wo, gbogbo èèyàn á máa du oṣù kejìlá nítorí ọdún. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi yín sí oṣù kẹjọ, àgbàdo á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jáde nígbà yẹn, kàyé kò tíì wọ́n, ẹ ó ra àpò yín pẹ̀lú owó tó pé lọ́wọ́.